Ta Ló Kó Wọn Jọ Síbẹ̀? Àtúnṣe Àṣìṣe Kan Nípa Chinatown ti San Francisco

Àṣìṣe kan wà tó ti mọ́ àwọn ènìyàn lẹ́nu débi pé wọn kì í bèèrè ẹ̀rí rẹ̀ mọ́. Wọ́n á ní àwọn ará Ṣáínà kì í fẹ́ bá ẹlòmíràn gbé. Wọ́n á ní ibikíbi tí wọ́n bá dé láyé, ara wọn ni wọ́n máa ń wá kiri, wọ́n á kó jọ sí àdúgbò kan, wọ́n á sì kọ́ ilé bíi ti ìlú baba wọn. Chinatown tó wà ní San Francisco ni wọ́n sábà máa ń nawọ́ sí. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń fi yin àwọn ará Ṣáínà pé wọ́n mọ ìṣọ̀kan jù wá lọ. Àwọn òyìnbó ayé ọjọ́un sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn láti fi bú àwọn ènìyàn kan náà. Ìbáà jẹ́ ìyìn, ìbáà jẹ́ èébú, ọ̀rọ̀ kan ni, kò sì bá ìtàn mu.

Ohun tí ètò ìkànìyàn, ìwé òfin àti àkọsílẹ̀ kóòtù sọ yàtọ̀ pátápátá. Nígbà tí àwọn ará Ṣáínà kọ́kọ́ dé California, ńṣe ni wọ́n fọ́n káàkiri ìpínlẹ̀ náà bí iṣẹ́ ṣe ń pè wọ́n. Owó orí, ìbọn, iná, òfin ìlú àti ọwọ́ àwọn onílẹ̀ ló rọ́ wọn dà sí ojú kan lẹ́yìn náà. Òrùlé aláràbarà tí àwọn àlejò ń ya fọ́tò rẹ̀ lónìí kò bá wọn ti Ṣáínà bọ̀. San Francisco ni wọ́n ti ronú kàn án lẹ́yìn ọdún 1906, nígbà tí àwọn aláṣẹ ìlú fẹ́ lé wọn kúrò lórí ilẹ̀ náà. Mo ka àtúnṣe yìí sí ohun tó ṣe pàtàkì gan-an, nítorí pé àṣìṣe náà ń gba ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ẹni tó ṣẹ̀, ó sì ń gbé e kọ́ ọrùn ẹni tí wọ́n ṣẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 1848, James Marshall rí wúrà níbi ilé ìlagi John Sutter ní California. Ìròyìn náà tàn dé gúúsù Ṣáínà, pàápàá agbègbè ẹnu odò Pearl ní ìpínlẹ̀ Guangdong, níbi tí ogun, ìyàn àti gbèsè ti ń han àwọn àgbẹ̀ léèmọ̀. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wọkọ̀ òkun. Ní ọdún 1852 nìkan, nǹkan bí 20,000 wọn ló gba èbúté San Francisco wọlé.

Níbo ni wọ́n wá lọ? Ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1860 dá wa lóhùn. Nǹkan bí 35,000 ará Ṣáínà ló wà ní California lọ́dún náà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé ní San Francisco kò tó 3,000. Bí a bá kó mẹ́wàá nínú wọn jọ, ẹyọ ẹnì kan kò pé tó jẹ́ ará ìlú náà. Àwọn tó wà ní El Dorado, níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà, pọ̀ ju àwọn tó wà ní San Francisco lọ. Wọ́n tún wà ní Calaveras, ní Tuolumne, ní Butte, nínú àgọ́ kéékèèké lẹ́bàá odò àti lórí òkè. Àwọn kan ń pẹja létíkun Monterey. Àwọn kan ń fi erùpẹ̀ mọ ògiri tó ń dá omi dúró níbi tí odò Sacramento àti San Joaquin ti pàdé, títí àbàtà ibẹ̀ fi di ọ̀kan nínú ilẹ̀ oko tó lọ́ràá jù ní Amẹ́ríkà. Láti nǹkan bí ọdún 1865, ilé iṣẹ́ rélùwéè Central Pacific gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, wọ́n sì gbẹ́ òkúta òkè Sierra Nevada nínú yìnyín. Nígbà tí iṣẹ́ náà gbóná jù, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú òṣìṣẹ́ mẹ́wàá ló jẹ́ ará Ṣáínà. Ojú irin náà pàdé èyí tó ń bọ̀ láti ìlà oòrùn ní Promontory, ní Utah, ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún 1869.

Kí ẹni tó bá ń sọ pé àbínibí wọn ni kíkó ara jọ síbì kan fara balẹ̀ wo àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ènìyàn lè ṣe láì jáde lọ sáàárín àjèjì, ní ilẹ̀ tí kò mọ̀ rí. Ní ọdún 1870, lẹ́yìn tí iṣẹ́ rélùwéè parí, àwọn ará Ṣáínà tó wà ní San Francisco ti di nǹkan bí 12,000 nínú nǹkan bí 49,000 tó wà ní California. Títí dìgbà náà, mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ló ṣì ń gbé níbòmíràn.

Lílé ni wọ́n lé wọn wọ ìlú. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó. Ní ọdún 1850, ìpínlẹ̀ California ní kí àjèjì tó bá fẹ́ wa wúrà máa san 20 dọ́là lóṣooṣù. Wọ́n pa òfin náà tì, wọ́n sì gbé òmíràn jáde ní ọdún 1852, tí owó rẹ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́, àmọ́ tó jẹ́ pé àwọn ará Ṣáínà ni àwọn agbowó-orí ń wá rí jù. Lẹ́yìn náà ni ti kóòtù. Wọ́n dá òyìnbó kan tó ń jẹ́ George Hall lẹ́bi pé ó pa ará Ṣáínà kan, ẹ̀rí àwọn ará Ṣáínà tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn sì ni wọ́n fi dá a lẹ́bi. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà fagi lé ìdájọ́ ọ̀hún ní ọdún 1854, ó ní ará Ṣáínà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti jẹ́rìí lòdì sí aláwọ̀ funfun. Ẹ wo ohun tí èyí jẹ́ fún ẹni tó dá àgọ́ sórí òkè pẹ̀lú wúrà díẹ̀ lápò: bí olè òyìnbó bá wọlé tọ̀ ọ́ lóru, tí kò sí òyìnbó mìíràn níbẹ̀, ẹjọ́ ti kú kó tó dé kóòtù. Láti ìgbà náà lọ, gbígbé láàárín ọ̀pọ̀ èrò nìkan ni ààbò tó kù.

Lẹ́yìn náà ni iná àti ìbọn. Ní Los Angeles, ní oṣù kẹwàá ọdún 1871, àwùjọ jàǹdùkú pa nǹkan bí 18 ará Ṣáínà ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ní Rock Springs, ní Wyoming, ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 1885, wọ́n pa awakùsà 28, wọ́n sì dáná sun ilé wọn. Oṣù méjì lẹ́yìn èyí, ní Tacoma, olórí ìlú fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó lé gbogbo ará Ṣáínà jáde, tí wọ́n fi rìn nínú òjò lọ sí ibùdó rélùwéè.

Ti Eureka, ní àríwá California, ni mo fẹ́ kí òǹkàwé rántí jù. Ní oṣù kejì ọdún 1885, àwọn ará Ṣáínà méjì yìnbọn síra wọn, ọta sì ṣèèṣì ba ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú kan tó ń kọjá lọ, ó sì kú. Àwọn òyìnbó ìlú ṣèpàdé lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò ju ọjọ́ méjì lọ tí wọ́n fi kó nǹkan bí 300 ará Ṣáínà, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé, tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, sínú ọkọ̀ ojú omi. Níbo ni wọ́n kó wọn lọ? San Francisco ni. Báyìí ni Chinatown ṣe ń kún. Ẹni tó bá rí àwọn ènìyàn wọ̀nyí lóṣù tó tẹ̀ lé e, tí mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá há sínú yàrá kan, á sọ pé àṣà wọn ni.

Ẹ̀rí mìíràn wà nípa yàrá tó kún yẹn. Ní ọdún 1875, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin kan tí wọ́n ń pè ní òfin Page. Lórí ìwé, àwọn aṣẹ́wó ni wọ́n fẹ́ dí lọ́nà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń lò ó, ó dí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo obìnrin Ṣáínà lọ́nà. Ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 1882, Ààrẹ Chester Arthur fọwọ́ sí òfin tó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láti Ṣáínà. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún un, ṣùgbọ́n ó lé ní ọgọ́ta ọdún kó tó kúrò nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n kànìyàn ní ọdún 1890, ọkùnrin 27 ló wà fún obìnrin kan ṣoṣo láàárín àwọn ará Ṣáínà Amẹ́ríkà. Ọkùnrin tí kò lè mú ìyàwó rẹ̀ wá, tí kò sì lè fẹ́ òyìnbó nítorí pé òfin California kò gbà á, yóò bá àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ pín yàrá ni. Òfin ló sọ ọ́ di àpọ́n.

San Francisco tí wọ́n sá wá yìí kò fi ọwọ́ méjèèjì gbà wọ́n. Ní ọdún 1870, ìgbìmọ̀ ìlú ṣòfin pé kí yàrá máa ní àyè afẹ́fẹ́ tó tó 500 ẹsẹ̀ bàtà fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan, bí a bá fi ìbú, òró àti gíga rẹ̀ ṣírò. Òfin ìlera ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n Chinatown ni àwọn ọlọ́pàá ti ń lò ó. Àwọn tí wọ́n mú kọ̀ láti san owó ìtanràn, wọ́n sì yàn láti wà lẹ́wọ̀n, títí ọgbà ẹ̀wọ̀n fi kún débi pé ọgbà ẹ̀wọ̀n fúnra rẹ̀ ń rú òfin afẹ́fẹ́ náà. Wọ́n tún ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi igi kọ́ apẹ̀rẹ̀ sí èjìká rìn létí títì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn ará Ṣáínà ló ń ru ẹrù bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí alágbàfọ̀ tí kò ní ẹṣin san owó tó pọ̀ ju ti ẹni tó ní ẹṣin lọ, wọ́n sì mọ̀ dáadáa pé àwọn alágbàfọ̀ ará Ṣáínà ń fi ẹsẹ̀ rìn.

Ọ̀rọ̀ àwọn alágbàfọ̀ yìí gan-an ló fọ́ àṣìṣe náà túútúú. Iye ilé ìfọṣọ tó wà ní San Francisco ní àwọn ọdún 1880 jẹ́ nǹkan bí 320, àwọn ará Ṣáínà ló sì ni nǹkan bí 240 nínú wọn. Níbi tí aṣọ ìdọ̀tí àwọn òyìnbó wà ni wọ́n gbọ́dọ̀ wà, nítorí náà káàkiri ìlú ni ilé ìfọṣọ wọn wà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń sùn. Ní ọdún 1880, ìgbìmọ̀ ìlú ní kí ẹni tó bá ń fọṣọ nínú ilé onípákó wá gba ìyọ̀ǹda. Igi ni wọ́n fi kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ilé ìfọṣọ ìlú náà. Nǹkan bí 200 ará Ṣáínà kọ̀wé béèrè, wọn ò gbà fún ẹnì kankan nínú wọn. Nǹkan bí 80 tí kì í ṣe ará Ṣáínà kọ̀wé, wọ́n sì gbà fún gbogbo wọn àyàfi ẹnì kan. Ọ̀kan nínú àwọn ilé ìfọṣọ tí wọ́n fi dù, tí wọ́n ń pè ní Yick Wo, ti wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ọdún 22. Ẹni tó ni ilé ìfọṣọ náà gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà, àwọn adájọ́ sì fẹnu kò ní ọdún 1886 pé òfin tó dára lójú, tí wọ́n ń fi ojúsàájú lò, kì í ṣe òfin. Títí dòní, àwọn agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà ń fi ìdájọ́ yẹn gbèjà gbogbo ẹ̀yà.

Ẹ wá wo ìdílé Tape. Joseph Tape àti ìyàwó rẹ̀, Mary, ti Ṣáínà wá ní kékeré. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nílé, Kristẹni ni wọ́n, àárín àwọn òyìnbó ni wọ́n sì ń gbé ní San Francisco. Ní ọdún 1884, wọ́n mú Mamie, ọmọbìnrin wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Spring Valley, èyí tó sún mọ́ ilé wọn. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, Jennie Hurley, kò gbà á wọlé. Wọ́n lọ sí kóòtù, wọ́n sì jàre títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní California, ní ọdún 1885. Kí ni àwọn aláṣẹ ṣe? Wọ́n sáré ṣe òfin tuntun tó fàyè gba ilé ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀, wọ́n sì ṣí ọ̀kan fún àwọn ọmọ Ṣáínà ní Chinatown. Ìyá Mamie kọ lẹ́tà oníbìínú sí ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ìwé ìròyìn sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Síbẹ̀, Chinatown náà ni àwọn ọmọ rẹ̀ padà lọ kàwé. Ìdílé tí kò gbé ní Chinatown, tí kò fẹ́ Chinatown, ni ìjọba fi òfin tì lọ síbẹ̀.

Àwọn tó ń tan àṣìṣe náà kálẹ̀ tún ní àlejò tó wá kó owó lọ ni àwọn ará Ṣáínà, pé ìdí nìyẹn tí wọn kò fi ra ilẹ̀. Ó yẹ ká kọ́kọ́ béèrè bóyá òfin gbà wọ́n láyè. Òfin ọdún 1790 fi ẹ̀tọ́ dídi ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà mọ sọ́dọ̀ aláwọ̀ funfun tó jẹ́ òmìnira. Ní ọdún 1870, wọ́n fi ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà kún un. Nítorí náà, láti ọdún yẹn, ọmọ Èkó tàbí ọmọ Abẹ́òkúta tó bá dé New York lè gba ìwé ọmọ ìlú, ṣùgbọ́n ará Ṣáínà tó ti lo ogójì ọdún ní California kò lè gbà á. Òfin ilẹ̀ ti California, ti ọdún 1913, wá gùn lé èyí: ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti di ọmọ orílẹ̀-èdè kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ra ilẹ̀ oko. Nínú ìlú ńkọ́? Àwọn onílé máa ń kọ ọ́ sínú ìwé ilẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ tà á tàbí kí wọ́n fi háyà fún adúláwọ̀ tàbí ará Éṣíà. Nínú Chinatown pàápàá, òyìnbó ló ni ilé tó pọ̀ jù. Ayálégbé ni àwọn ará Ṣáínà, owó ilé wọn sì ga, nítorí pé onílé mọ̀ pé kò síbòmíràn tí wọ́n lè sá lọ.

Ohun tí èyí ń fà hàn gbangba ní Locke, abúlé kékeré kan lẹ́bàá odò Sacramento. Nígbà tí iná jó àdúgbò àwọn ará Ṣáínà ní Walnut Grove ní ọdún 1915, àwọn kan nínú wọn lọ bá ìdílé George Locke, wọ́n háyà ilẹ̀, wọ́n sì fi owó ara wọn kọ́ odindi ìlú síbẹ̀: ilé oúnjẹ, ilé ẹ̀kọ́, ìsọ̀, ilé gbígbé. Àwọn ló ni pákó, àwọn ló ni ìṣó, ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ kì í ṣe tiwọn. Lẹ́yìn ọdún 2000 ni wọ́n tó pín ilẹ̀ náà tà fún àwọn tó ni ilé orí rẹ̀, nígbà tí àwọn ará Ṣáínà tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ kò ju díẹ̀ lọ.

Àwọn aláṣẹ tó há wọn mọ́ Chinatown kò fẹ́ kí wọ́n wà ní Chinatown náà. Ní ọdún 1890, San Francisco ṣe òfin Bingham: kí gbogbo ará Ṣáínà kó kúrò ní àdúgbò wọn láàárín ọgọ́ta ọjọ́, kí wọ́n lọ máa gbé níbi tí ìlú ti yàn fún iṣẹ́ tó ń rùn àti èyí tó léwu. Adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan fagi lé e. Ní ọdún 1900, tí àrùn tí eku ń kó ràn bẹ́ sílẹ̀, wọ́n fi okùn àti wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí Chinatown ká, wọ́n sì fara balẹ̀ fa ààlà náà wọ́kuwọ̀ku kí ilé àti ìsọ̀ àwọn òyìnbó lè bọ́ síta. Kóòtù tún fagi lé ìyẹn. Mo ń tẹnu mọ́ àwọn kóòtù wọ̀nyí nítorí pé àṣìṣe tí à ń sọ máa ń ya àwọn ará Ṣáínà bí ẹni tó dákẹ́, tó kàn ń gbé ìgbésí ayé rẹ̀ níkọ̀kọ̀. Ẹjọ́ tí wọ́n pè lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Wong Kim Ark, ọmọ tí wọ́n bí ní San Francisco ní ọdún 1873, ló mú kí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ kéde ní ọdún 1898 pé ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni ọmọ tí àjèjì tó fìdí kalẹ̀ níbẹ̀ bá bí sórí ilẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó di ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà mú lónìí, tí òbí wọn kò tíì ní tiwọn nígbà tí wọ́n bí wọn, lábẹ́ ìdájọ́ yẹn ni wọ́n wà.

Ó wá ku ti òrùlé. Àwọn fọ́tò tí Arnold Genthe yà ní Chinatown ṣáájú ọdún 1906 ṣì wà. Ilé bíríkì lásán ló wà nínú wọn, irú èyí tó wà ní ìlú Amẹ́ríkà ìgbà náà. Àwọn òyìnbó ló kọ́ wọn, tí wọ́n sì kó jáde nígbà tí wọ́n rí àdúgbò tó wù wọ́n jù. Àwọn ará Ṣáínà fi fìtílà, pátákó ìsọ̀ àti òdòdó ṣe ojú wọn lọ́ṣọ̀ọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1906, ilẹ̀ mì tìtì, iná sì tẹ̀ lé e. Chinatown jó kanlẹ̀.

Iná kò tíì kú tán tí àwọn aláṣẹ ti yan ìgbìmọ̀ kan pé kí ó wá ibòmíràn fún àwọn ará Ṣáínà. Hunters Point, ní ìpẹ̀kun gúúsù ìlú, ni wọ́n ń wò. Wọ́n ń ṣí àgọ́ àwọn tí ilé wọn jó káàkiri, nítorí pé ibi tí wọ́n bá gbé wọn sí, àwọn òyìnbó ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé. Àwọn oníṣòwò Chinatown àti aṣojú ìjọba Ṣáínà kò gbà. Ìjọba Ṣáínà ní ilẹ̀ ní òpópónà Stockton tí ilé iṣẹ́ aṣojú rẹ̀ wà, ó sì jẹ́ kí gómìnà gbọ́ pé ibẹ̀ gan-an ni òun máa tún un kọ́ sí. Àwọn oníṣòwò ní àwọn lè kó ọjà àwọn lọ sí èbúté mìíràn, kí San Francisco sì pàdánù owó orí àti òwò tó ń ti Éṣíà wá. Àwọn òyìnbó onílé náà kò fẹ́ pàdánù owó ilé wọn. Èròǹgbà Hunters Point fọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò mọ̀ pé àwọn aláṣẹ tún lè dìde sí àwọn lọ́la. Look Tin Eli ló ṣáájú èrò tó tẹ̀ lé e. Ìlú Mendocino, ní California, ni wọ́n bí i sí. Nígbà tó ti Ṣáínà bọ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kò jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kóòtù ló gbà á sílẹ̀ ní ọdún 1884. Ọkùnrin yìí ló ní kí wọ́n kọ́ Chinatown tí àwọn òyìnbó á máa fi owó ara wọn wá wò, kí ó lè ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti wó o. T. Paterson Ross àti A. W. Burgren, tí kì í ṣe ará Ṣáínà, ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún. Ilé ìtajà Sing Chong àti Sing Fat dìde ní oríta òpópónà Grant àti California. Bíríkì àti irin Amẹ́ríkà ni ara wọn, wọ́n sì gbé òrùlé pagoda lé e lórí. Ní Ṣáínà, inú ọgbà ìsìn ẹlẹ́sìn Búdà ni wọ́n ti mọ pagoda, kì í ṣe orí ìsọ̀. Àgbẹ̀ tó ń ti Taishan, ní Guangdong, bọ̀ lásìkò náà kò ní rí irú ilé bẹ́ẹ̀ nílé rí. Ojú àwọn òyìnbó ni wọ́n kọ́ ọ fún, ọgbọ́n tí wọ́n fi di ilẹ̀ wọn mú sì ni.

N kò sọ pé kò sí ìfẹ́ inú tiwọn fúnra wọn nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wà láti àwọn ọdún 1850. Wọ́n ń lọ pàdé ẹni tuntun létí ọkọ̀, wọ́n ń fún un ní ibùsùn, wọ́n ń bá a wá iṣẹ́, wọ́n ń parí ìjà, wọ́n sì ń fi egungun ẹni tó bá kú ránṣẹ́ sílé. Ọmọ Yorùbá tó bá ti wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú rẹ̀ ní Houston tàbí ní London mọ bí ìyẹn ṣe rí. Àwọn ará Ítálì náà kó ara jọ sí North Beach, ààlà wọn àti Chinatown kò ju títì lọ, ọ̀pọ̀ wọn ló sì padà sílé lẹ́yìn tí wọ́n rí owó. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ará Ítálì lè di ọmọ orílẹ̀-èdè, ó lè ra ilẹ̀ oko, ọmọ rẹ̀ sì lè wọ ilé ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ ọn. Nígbà tó bá wù ú láti kúrò ní North Beach, á kúrò.

Ọ̀nà tó dáa jù láti dán àṣìṣe náà wò ni kí á wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n tú okùn. Ní oṣù kejìlá ọdún 1943, tí Ṣáínà àti Amẹ́ríkà jọ ń bá Japan jagun, wọ́n fagi lé òfin ọdún 1882, àwọn ará Ṣáínà sì gba ẹ̀tọ́ dídi ọmọ orílẹ̀-èdè. Ènìyàn 105 péré lọ́dún ni wọ́n ní kó máa wọlé. Ní ọdún 1948, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pàṣẹ, nínú ẹjọ́ ìdílé adúláwọ̀ kan láti St. Louis, pé kóòtù kankan kò gbọdọ̀ fi agbára rẹ̀ ti àdéhùn ẹlẹ́yàmẹ̀yà lórí ilẹ̀ lẹ́yìn mọ́. Síbẹ̀, ní ọdún 1952, nígbà tí ará Ṣáínà kan fẹ́ ra ilé ní South San Francisco, tí àwọn aládùúgbò sì ń binú, ó ní kí wọ́n dìbò sí i, ó dá a lójú pé wọn kò ní ṣe é níbi. Ìbò 174 ló kọ̀ ọ́, 28 péré ló gbà á.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, wọ́n jáde. Bí ilẹ̀kùn ṣe ń ṣí díẹ̀díẹ̀, àwọn ìdílé tó lówó díẹ̀ kó lọ sí àdúgbò Richmond, sí Sunset, sí ìgbèríko. Òfin ọdún 1965, tó ṣí ọ̀nà fún àwọn ará Éṣíà, tó sì ṣí i fún ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà lọ́hùn-ún lónìí, mú kí iye wọn pọ̀ sí i. Àwọn arúgbó, àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn tí owó ilé níbòmíràn ga jù fún ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ṣẹ́ kù sí yàrá kóńkó Chinatown.

Àwọn kan á wá béèrè pé, Monterey Park, lẹ́bàá Los Angeles, ńkọ́? Lóòótọ́, ìkànìyàn ọdún 1990 fi hàn pé ó lé ní ìdajì àwọn ará ibẹ̀ tó jẹ́ ará Éṣíà, àwọn ará Ṣáínà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ṣùgbọ́n ìlú òyìnbó ni Monterey Park nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilé níbẹ̀. Wọ́n fi owó ra ilé láàárín àwọn òyìnbó, wọ́n dìbò níbẹ̀, Lily Lee Chen sì di olórí ìlú náà ní ọdún 1983. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ẹnì kan kọ ọ́ sára pátákó ilé epo kan níbẹ̀ pé kí ará Amẹ́ríkà tó bá kẹ́yìn jáde ní Monterey Park jọ̀ọ́ mú àsíá dání. Àwọn òyìnbó ló ń kó jáde.